Dong Yi, Jang Ok-jung àbí The Red Sleeve: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì nítorí obìnrin kan tó ti kú láti ọdún 1701. Jang Hui-bin lorúkọ tí ayé mọ obìnrin náà sí, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ọba kan ní Kòríà ayé àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìkà ni, ẹni tó rí ayaba lórí àga tó ní òun ló yẹ kó jókòó síbẹ̀. Èmi ní kì í ṣe ìkà, òfin ilé tó bá ara rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ariwo wa pọ̀ débi pé màmá wa yọjú láti kíṣìnnì, ó ní ta ni Jang, ṣé ará àdúgbò yìí ni. Ìgbà tí ara wa rọlẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí ìjà náà ti ṣẹ̀ wá: Dong Yi ni ẹ̀gbọ́n mi wò, èmi wo Jang Ok-jung, Living by Love. Ìtàn kan náà ni, ọba kan náà, ààfin kan náà. Ẹni tí kámẹ́rà ń tẹ̀ lé lẹ́yìn ló yàtọ̀.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé fíìmù Kòríà ayé àtijọ́ wo ni kí òun wò, n kì í dárúkọ ẹyọ kan mọ́. Mẹ́ta ni mo máa ń gbé kalẹ̀ pọ̀, torí ìdílé kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ ìtàn rẹ̀. Dong Yi àti Jang Ok-jung wà láyé ọba Sukjong, ẹni tó jọba láti 1674 sí 1720. The Red Sleeve wà láyé Yeongjo, ọmọ Sukjong, àti Jeongjo, ọmọ ọmọ Yeongjo. Dong Yi ló gùn jù, apá 60, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MBC ló gbé e jáde ní 2010. Jang Ok-jung jẹ́ apá 24 lórí SBS ní 2013. The Red Sleeve kò ju 17 lọ. MBC náà ló ni ín, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó sì parí ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022. Bó bá jẹ́ àsìkò ni ẹ kò ní, ẹ ti mọ èyí tí ẹ máa mú, ẹ lè dúró síbí. Bó bá jẹ́ pé àríyànjiyàn tó ń bẹ lẹ́yìn fíìmù ló ń dùn mọ́ yín ju fíìmù lọ, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ.

Wọn kì í ṣe ìyálé àti ìyàwó

Àṣìṣe tí àwa tí a jẹ́ Yorùbá sábà máa ń ṣe ni pé a máa ń gbé ìyálé àti ìyàwó wọ inú ààfin Joseon, ìyẹn Kòríà ayé àwọn ọba wọ̀nyí. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó ni ìyàwó ń jẹ́, kódà bó bá jẹ́ àná ló wọlé. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ baba rẹ̀, wọ́n á jọ pín ogún. Ní Joseon, ìyàwó kan ṣoṣo ni òfin mọ̀ fún ọkùnrin, títí kan ọba. Àwọn yòókù, cheop ni wọ́n ń pè wọ́n. A kò lè pè wọ́n ní àlè, torí òfin mọ̀ pé wọ́n wà nílé; a kò sì lè pè wọ́n ní ìyàwó, torí òfin náà ló ní wọn kì í ṣe ìyàwó. Nílé àwọn ọlọ́lá, ọmọ tí cheop bí kò lè jókòó ṣe ìdánwò tó ń sọni di ìjòyè bíi ti ọmọ ìyàwó, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Ní ààfin, wọ́n to àwọn obìnrin ọba sí ipò-ipò. Bin ló ga jù nínú wọn. Ayaba kò sí nínú ètò yẹn rárá, òkè rẹ̀ ló wà.

Nítorí náà, Hui-bin, Suk-bin àti Ui-bin tí ẹ máa gbọ́ nínú àwọn eré wọ̀nyí kì í ṣe orúkọ, oyè ni. Jang ni orúkọ ìdílé, Ok-jung ni orúkọ tí fíìmù pè é nílé. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n yí orúkọ ẹnì kan padà láàárín eré, ẹ má rò pé ẹlòmíràn ti dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni "mama" tí ẹ máa gbọ́ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Kì í ṣe màmá o. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún ẹni ọba ni, wọ́n sì ń pe àrẹ̀mọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan wà nílé wa tó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko bínú pé kí ló dé tí gbogbo ààfin fi ń pe ọmọ kékeré ní ìyá.

Ẹni tó bá ti mọ èyí á rí i pé Jang kò bá ayaba jà bí ìyàwó ṣe ń bá ìyálé jà. Odò kan wà láàárín ẹni tí kì í ṣe ìyàwó àti ẹni tó jẹ́ ìyàwó, òun ló fẹ́ kọjá. Òfin kan tún wà lẹ́yìn èyí, ohun méje tí ọkùnrin lè torí rẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀: àìgbọràn sí òbí ọkọ, àìbí ọmọkùnrin, àgbèrè, owú jíjẹ, àrùn burúkú, ẹjọ́ wẹ́wẹ́, àti olè jíjà. Ẹ rí owú níbẹ̀. Bí Inhyeon, ayaba Sukjong, bá wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí ọba gba yàrá ẹlòmíràn lọ, àwọn kan nínú wa á ní alágàbàgebè ni, àwọn kan á ní ó ti gọ̀ jù. Mo ti gbọ́ méjèèjì lórí àga kan náà. Bẹ́ẹ̀, ṣe ni obìnrin náà ń ṣọ́ ojú àti ẹnu rẹ̀. Ní 1681 ló di ayaba, kò bímọ. Ní 1689 ọba lé e jáde, owú sì ni ẹ̀sùn tó fi kàn án.

Sukjong méjì

Nínú Dong Yi, Ji Jin-hee sọ Sukjong di aláwàdà. Nígbà tí Dong Yi, ọmọbìnrin tí eré náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò tíì mọ̀ pé ọba ni, ọba pera rẹ̀ ní ìjòyè kékeré kan ní Hanseong, olú ìlú, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọmọ náà tẹ òun lẹ́yìn gun ògiri. Gbogbo ilé ló máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú Jang Ok-jung, ọ̀dọ́mọkùnrin gbígbóná ni Yoo Ah-in fi ọba ṣe. Àwọn ìjòyè ti fún un lọ́rùn, ìfẹ́ Ok-jung nìkan ló kù tó jẹ́ tirẹ̀.

Ọba tó wà nínú ìtàn le ju àwọn méjèèjì lọ. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ló ń bá ara wọn fà á ní ààfin nígbà náà, Seoin àti Namin. Ní 1680, Sukjong lé Namin jáde. Ní 1689, ó kó Namin padà, ó lé Seoin. Ní 1694, ó tún yí i padà. Ìdílé ayaba Inhyeon wà pẹ̀lú Seoin, Namin sì wà lẹ́yìn Jang; bí ẹgbẹ́ bá ti ṣubú, obìnrin tirẹ̀ á bá a ṣubú. Nígbà tí Jang bí ọmọkùnrin ní 1688, ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ọba ti fi oyè àkọ́bí dá a lọ́lá. Song Si-yeol, àgbà ọ̀mọ̀wé tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní ó ti yá jù. Wọ́n lé e kúrò nílùú, kí ọdún 1689 sì tó parí, ó ti mu májèlé tí ọba fi ránṣẹ́ sí i. Ní 1690 Jang di ayaba. Ní 1694 Inhyeon padà wọlé, Jang sì padà sí Hui-bin.

Àwọn olùwòran máa ń jà lórí ibí yìí: ṣé ọba fẹ́ràn Jang ni, àbí ó ń fi í nà àwọn ìjòyè rẹ̀? Jang Ok-jung dáhùn pé ìfẹ́ ni, ìdáhùn náà sì rọrùn jù fún mi. Èyí tí Dong Yi fún wa tún rọrùn jù ú lọ, pé ọba dáa, àwọn èèyàn burúkú ló ń tàn án. Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan dandan, màá mú ojú Yoo Ah-in. Ẹ wo ojú Ji Jin-hee dáadáa kí ẹ sọ fún mi bóyá ẹni yẹn lè ní kí bàbá arúgbó mu májèlé lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́.

Hui-bin méjì

Níbí, Dong Yi borí. Ẹni tó ti gbọ́ nípa Jang ṣáájú á máa retí obìnrin oníjàgídíjàgan, àmọ́ Lee So-yeon ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́. Ó gbọ́n, ó mọ òṣèlú, níbẹ̀rẹ̀ pàápàá ó fẹ́ràn Dong Yi, ó sì ràn án lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀ lẹ máa rí i tó ń yí padà, débi pé ẹ kò ní lè tọ́ka sí apá tó ti di ọ̀tá. Ẹ̀gbọ́n mi ní apá kejìlélógún ni. N kò gbà, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀.

Kim Tae-hee nínú eré kejì jẹ́ aránṣọ tó ń ya àwòrán aṣọ, tí àwọn èèyàn ń fi ìbí rẹ̀ gún un lára. Iṣẹ́ aṣọ yẹn, àwọn tó kọ eré ló dá a sílẹ̀. Ohun tí ìtàn mọ̀ ni pé inú ìdílé ògbufọ̀ ni Jang ti wá, àwọn tó ń bá àwọn aṣojú ọba lọ sí Ṣáínà, tí wọ́n sì ń fi òwò la ọ̀nà náà já. Owó ń bẹ nílé wọn. Ipò ni kò sí, torí àwọn ògbufọ̀ wà láàárín, wọn kì í ṣe ọlọ́lá, wọn kì í sì í ṣe mẹ̀kúnnù. Lójú tèmi, èyí lágbára ju ohun tí eré méjèèjì fún un lọ. Òtòṣì lè fara mọ́ ipò rẹ̀. Ẹni tó lówó tó ra gbogbo nǹkan àyàfi ohun kan, ohun kan náà ló máa ń lé kiri.

Ta ló mú gègé dání?

Bí àríyànjiyàn bá ti gbóná, ẹnì kan á ní, "Ìtàn sọ pé…" Ìwé Àkọsílẹ̀ àwọn ọba Joseon ló ń tọ́ka sí, kódà bí kò bá mọ̀. Ọba 25 ló wà nínú rẹ̀, láti 1392 dé 1863, UNESCO sì fi í sínú àkójọ ìrántí ayé ní 1997. Ọba kò gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ti ọba Taejong, tó jábọ́ lórí ẹṣin níbi ìṣọdẹ ní 1404. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí akọ̀wé ìtàn má ṣe gbọ́. Akọ̀wé kọ ìṣubú náà, ó sì kọ pé ọba ní kí òun má gbọ́.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé náà ní ẹgbẹ́. Láyé Yeongjo ni wọ́n parí àkọsílẹ̀ ti Sukjong, ẹgbẹ́ kejì tí kò tẹ́ lọ́rùn sì so àtúnṣe tiwọn mọ́ ìdí rẹ̀. Yeongjo yìí, ọmọ ta ni? Ọmọ Suk-bin Choe ni, obìnrin tí fíìmù pè ní Dong Yi. Ìwé tó sọ ohun tí Jang ṣe, láyé ọmọ orogún rẹ̀ ló parí. (Àwọn ará Kòríà fúnra wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìtàn ṣeré. Ní 2021, SBS dá Joseon Exorcist dúró lẹ́yìn apá méjì péré, torí àwọn olùwòran ní ó ba ìtàn jẹ́.)

Ìwé náà sọ nǹkan kan nípa Suk-bin tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sídìí Dong Yi. Ní 1701, ayaba Inhyeon kú. Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé Hui-bin ní ojúbọ kan tó fi ń ṣépè fún ayaba. Ta ló sọ fún ọba? Àkọsílẹ̀ ní Suk-bin ni, ní kọ̀rọ̀, torí kò lè gbàgbé oore tí ayaba ṣe fún un. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ó ní ọmọkùnrin ọlọ́dún méje nílé nígbà náà, ọmọ Hui-bin sì ni àrẹ̀mọ. Dong Yi inú fíìmù mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò ní lè ro ìdí kejì yìí rárá. Àléébù tó tóbi jù nínú eré náà nìyẹn. Han Hyo-joo ṣe é dáadáa, ọmọ náà dùn ún wò, ẹ̀rín rẹ̀ ń ranni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣàṣìṣe kò ní ohun tí èèyàn lè bá a jiyàn lé lórí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló dára jù fún mi, nígbà tó ṣì jẹ́ ìránṣẹ́ níléeṣẹ́ orin ààfin tó ń tọ ipasẹ̀ ọ̀daràn bí ọlọ́pàá.

Ọba pàṣẹ kí Hui-bin gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Eré méjèèjì gbé abọ́ májèlé fún un. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ máa ń béèrè pé kí ló dé tí ẹni tí wọ́n gbé májèlé wá fún á tún forí balẹ̀ síhà ààfin kó tó mu ún. Ojú àánú ni wọ́n fi ń wò ó: ara òkú á wà lódindi, wọn kò ní bẹ́ orí, wọn kò ní já a sí wẹ́wẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà, Sukjong ṣòfin pé obìnrin ọba kankan kò gbọ́dọ̀ di ayaba mọ́. Ó wọ́ àkàsọ̀ náà sókè lẹ́yìn Jang.

Èyí tó kọ ọba

Àwọn méjì ìṣáájú, obìnrin tó ń wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ọba ni, tàbí tí ọba ń fà mọ́ra. The Red Sleeve yí i padà: ọba wá, obìnrin ní rárá.

Kí ẹ tó mọ bí rárá yẹn ṣe wúwo tó, ẹ gbọ́ bí ayé obìnrin ààfin ṣe rí. Ní kékeré ni wọ́n ń mú wọn wọlé, àwọn mìíràn láti bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí wọ́n bá ti lò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á ṣe ayẹyẹ fún wọn bí ẹni ń gbéyàwó: aṣọ ìyàwó wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, ọkọ nìkan ni kò sí. Wọn kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ti ọba ni wọ́n, ọba ìbáà má mọ̀ wọ́n rárá. Ọwọ́ aṣọ pupa inú orúkọ eré náà, tiwọn ni. Fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, kí ọba pè é wọ yàrá ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè fi kúrò ní ìránṣẹ́.

Seong Deok-im, obìnrin ààfin inú eré yìí tó padà di Ui-bin, kọ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé òǹkọ̀wé eré ló hùmọ̀ rẹ̀ kó lè bá ayé òde òní mu. Rárá o. Jeongjo fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìrántí obìnrin náà lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1786. Ó ní nígbà àkọ́kọ́, tí òun ṣì jẹ́ àrẹ̀mọ, obìnrin náà sunkún, ó ní ìyàwó àrẹ̀mọ kò tíì bímọ, òun kò tó bẹ́ẹ̀. Àrẹ̀mọ gbọ́, ó fi í sílẹ̀. Ọdún 15 kọjá, àrẹ̀mọ ti di ọba, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ó tún kọ̀. Ìgbà tí ọba fìyà jẹ àwọn ìránṣẹ́ obìnrin náà ló tó gbà.

Nítorí kí ló fi kọ̀? Ọba ní ọ̀wọ̀ fún ìyàwó àrẹ̀mọ ni. Eré ní kì í ṣe ìyẹn nìkan, pé ìgbésí ayé kékeré tó ní, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, ìwé tó ń dà kọ, tirẹ̀ ni, bó bá sì wọ yàrá yẹn kò ní jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ìwé yẹn kì í ṣe àlá: ẹ̀dà ìtàn kan tí òun àti àwọn ọmọ-ọba-bìnrin jọ dà kọ ní 1773 ṣì wà títí dòní. Lee Se-young sọ ìdí kejì yìí pẹ̀lú ojú ju ẹnu lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó fẹ́ràn ọba, ó ń díbọ́n ni. Èmi ní ká tún béèrè ta ló mú gègé dání. Ọkùnrin tó fẹ́ ẹ ló kọ ìdí tó fi kọ òun. A kò gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin náà rí. Lee Jun-ho ṣe Jeongjo bí ẹni tó mọ̀ pé òun kò gbọ́ ọ pẹ̀lú, ibẹ̀ ló ti dun mi jù. Apá méjì tó gbẹ̀yìn sáré díẹ̀, ọdún púpọ̀ ni wọ́n dì sínú àpò kan.

Ó ku bàbá àgbà. Lee Deok-hwa ló ṣe Yeongjo, ọba arúgbó tí inú rẹ̀ ń yí bí ojú ọjọ́, tó ti ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ́ inú àpótí ìrẹsì ní 1762 títí ó fi kú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo The Red Sleeve á rí arúgbó aláṣejù. Ẹni tó bá ti Dong Yi bọ̀ á rí ọmọ kékeré tí wọ́n ń fi ipò ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín, tó dàgbà, tó jọba ọdún 52, tí egbò náà kò san. Eré méjèèjì kò ní òǹkọ̀wé kan náà, síbẹ̀ wọ́n so mọ́ra.

Bí mo ṣe máa tò ó

Bí ẹ bá lè fara da apá 60, Dong Yi ni kó ṣáájú, kí The Red Sleeve tẹ̀ lé e. Bí ẹ kò bá lè fara dà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The Red Sleeve tààrà. Ó dá dúró, òun ló sì dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má ṣe wo Jang Ok-jung ní òun nìkan. Èsì ni, ẹni tí kò bá gbọ́ ìbéèrè kò ní mọ ohun tó ń dáhùn. Bí ẹ bá ní ẹnì kan nílé tí ẹ fẹ́ bá jiyàn, kí ẹnì kan wo Dong Yi, kí èkejì wo Jang Ok-jung, kí ẹ pàdé nídìí oúnjẹ. Yi San náà wà o, tó sọ ìtàn Jeongjo kan náà ní apá 77, tó sì sọ Seong di ayàwòrán. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà ìsinmi gígùn.

Ní Seoul, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Blue House, ọgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Chilgung. Ibẹ̀ ni wọ́n tọ́jú àmì ìrántí àwọn obìnrin méje tí wọ́n bí ọba, ṣùgbọ́n tí wọ́n kú láìjẹ́ ayaba. Suk-bin Choe wà níbẹ̀. Jang Hui-bin náà wà níbẹ̀, torí ọmọ rẹ̀ jọba láti 1720 sí 1724 kí Yeongjo tó gorí ìtẹ́. Seong kò sí níbẹ̀: ọmọkùnrin rẹ̀ kú ní 1786, oṣù díẹ̀ ṣáájú òun fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní apá kẹsàn-án Jang Ok-jung báyìí. Ó ní kí n má bi òun ní ìbéèrè kankan.